Fújì ojú A àti ojú B lórí Spotify: ká gé e ni, àbí ká fi sílẹ̀ bó ṣe wà?

Ọmọ Onífújì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ilé yìí. Bàbá olórin fújì kan la fẹ́ bá kó iṣẹ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwo méje àti kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló jáde láàárín 1984 sí 1996. Ojú A àti ojú B ni gbogbo wọn, ojú kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ orin kan gbọọrọ tí kò dúró títí abẹ́rẹ́ á fi dé àárín àwo: ìṣẹ́jú 18 sí 22 lórí àwo, nǹkan bí 30 lórí kásẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ bàbá fẹ́ kó wà lórí Spotify, Apple Music, Audiomack, Boomplay àti YouTube, kí bàbá lè máa rí nǹkan gbà.

Ohun tó rú wa lójú nìyí. Àwọn kan ní ẹni tó bá gé fújì ti ba fújì jẹ́. Àwọn mìíràn ní tí a kò bá gé e, owó tó máa wọlé kò ní ra káàdì fóònù. Èwo ni ká ṣe? Bí a bá máa gé e, ibo ni ká ti gé e? Ìkejì, másítà, ìyẹn tépù àkọ́kọ́ tí wọ́n gba orin sí ní sítúdíò, ò sí mọ́, àwo àti kásẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù lọ́wọ́. Ìkẹta, àwọn kan ti gbé mẹ́ta nínú àwo náà sórí YouTube tipẹ́, ìpolówó sì ń jáde lórí wọn. Kí la lè ṣe sí ìyẹn?

Oníṣirò Orin

Fún Spotify àti Apple Music, ẹ gé e. Bí mo bá ní kí n tẹ̀lé ọkàn mi, mi ò ní gé e, ṣùgbọ́n ìṣirò ló ní ká gé e.

Wọn kì í ka ìṣẹ́jú níbẹ̀, ìgbọ́ ni wọ́n ń kà. Tí èèyàn bá ti gbọ́ orin dé ìṣẹ́jú-àáyá 30, ìgbọ́ kan ti wọlé. Bó gbọ́ ọ dé ìṣẹ́jú 20, ìgbọ́ kan náà ni. Ẹ wá wo èèyàn méjì tó lo ìṣẹ́jú 20 lórí fóònù wọn. Ẹni àkọ́kọ́ ń gbọ́ orin àwọn ọmọ ìwòyí, tó jẹ́ ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìgbọ́ mẹ́jọ. Ẹnì kejì gbọ́ ojú A bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìgbọ́ kan. Owó tó bá sì wọlé lóṣù, ṣe ni wọ́n ń kó o jọ sójú kan, wọ́n á wá pín in ní ìbámu pẹ̀lú iye ìgbọ́ tí orin kọ̀ọ̀kan kó. Nítorí náà kì í ṣe pé bàbá gba owó kékeré nìkan, ìpín rẹ̀ nínú àpò yẹn gan-an ló ń kéré sí i bí orin àwọn tó kù ṣe ń kúrú sí i.

Nígbà ayé àwo, ẹni tó ra àwo ti sanwó nìyẹn. Bó gbọ́ ojú B tàbí kò gbọ́ ọ, kò kan marketer tó tà á. Òwò ti yí padà níbẹ̀: tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lẹ ń ta orin fún ẹnì kan, ní báyìí, gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ ń tà á fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ má gé e wẹ́wẹ́ o. Láti 2024, orin tí kò bá tó ìgbọ́ 1,000 láàárín oṣù 12 tó kọjá, Spotify kì í san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Owó tiẹ̀ á lọ sínú àpò àwọn tó kù. Tí ẹ bá gé ojú kan sí 12, tí ìgbọ́ 8,000 pín káàkiri wọn, kò sí ọ̀kan tó máa tó 1,000 bí wọ́n bá pín dọ́gba. Tí ẹ bá gé e sí mẹ́rin, ìgbọ́ 2,000 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló sì gbowó. Èyí tí mo máa ń dámọ̀ràn ni ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà, ìyẹn ìgé mẹ́rin tàbí márùn-ún lójú kan. Iṣẹ́ 11 tí ẹ ní jẹ́ ojú 22, tó túmọ̀ sí orin 88 bí ẹ bá gé e sí mẹ́rin-mẹ́rin. Kí gbogbo wọn tó lè máa gbowó, ẹ nílò ìgbọ́ 88,000 lọ́dún, tí kò sì gbọdọ̀ kóra jọ sórí orin méjì péré. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Iṣẹ́ kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ fi ránṣẹ́ sí distributor, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń báni gbé orin sórí àwọn áàpù, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ tó máa jáde, kí ẹ lè fi orin kan nínú rẹ̀ tọrọ àyè nínú àkójọ orin (playlist) wọn láti inú Spotify for Artists, ojú ìwé tí Spotify ṣe fún olórin. Tí ẹ bá ṣe ìyẹn ó kéré tán ọjọ́ méje kó tó jáde, orin yẹn á dé inú Release Radar, àkójọ orin tuntun tí Spotify ń ṣe fún olùgbọ́ kọ̀ọ̀kan, ti àwọn tó ń tẹ̀lé bàbá.

Ọ̀rọ̀ kan lórí ibi tí ìgbọ́ ti ń wá. Nígbà tí Spotify wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì 2021, ₦900 lóṣù ni. Nígbà yẹn £9.99 ni wọ́n ń gbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àpò orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan dá wà, nítorí náà ìgbọ́ kan láti Lọ́ńdọ̀nù wúwo ju ìgbọ́ kan láti Mushin lọ fíìfíì. Kò túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ pa Mushin tì, àwọn ló ń mú kí orin ràn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi iye ìgbọ́ nìkan díwọ̀n owó.

Ẹni tó bá sì ní òun máa ta ìgbọ́ 50,000 fún yín, ẹ sá fún un. Spotify máa ń yọ ìgbọ́ ayédèrú kúrò, ó sì ń bu owó ìtanràn lé distributor lórí orin tí jìbìtì rẹ̀ bá hàn gbangba. Distributor á yọ ọ́ lára owó yín, àwọn mìíràn á tilẹ̀ ti àkáǹtì pa pẹ̀lú owó tó wà nínú rẹ̀.

Baba Gáńgan

Mo gbà pẹ̀lú Oníṣirò lórí Spotify. Ṣùgbọ́n lórí YouTube, ẹ fi ojú A sílẹ̀ gbọọrọ bó ṣe wà! Níbẹ̀, gígùn gan-an ló ń mówó wá. Fídíò tó bá ti ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ, ẹ lè fi ìpolówó sí àárín rẹ̀, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Ojú oníṣẹ́jú 22 lè gba ìpolówó mẹ́ta láàárín láì bí ẹnikẹ́ni nínú, bí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín gbé e sí ibi tí ìlù ti yí. Tí ẹ bá fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, á kó o sí àárín oríkì.

Yàtọ̀ sí owó, àwọn tó ń gbọ́ fújì àtijọ́ lórí YouTube ń gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, níbi iṣẹ́, lójú agbo. Wọn ò fẹ́ máa fọwọ́ kan fóònù. Ẹni tó sì ń wá orin kan pàtó, ẹ kọ àkókò ìgé kọ̀ọ̀kan sínú àlàyé ìsàlẹ̀ fídíò, bẹ̀rẹ̀ láti 0:00. YouTube fúnra rẹ̀ á sọ ọ́ di orí-orí.

Kí owó ìpolówó tó bẹ̀rẹ̀ lórí ikànnì bàbá fúnra rẹ̀, ẹ nílò ọmọlẹ́yìn 1,000 àti wákàtí 4,000 tí wọ́n fi wo fídíò láàárín oṣù 12. Fídíò gígùn á jẹ́ kí wákàtí yẹn tètè pé.

Etí Ológbò

Ọ̀rọ̀ àwo àti kásẹ́ẹ̀tì ni tèmi, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba orin jẹ́ kó tó débi ká gé e.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá iṣẹ́ kan wà lórí àwo àti kásẹ́ẹ̀tì pa pọ̀. Tó bá wà, ẹ gba méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ fi etí mú. Àwo tí ojú rẹ̀ bá gùn ju ìṣẹ́jú 20 lọ, ṣe ni wọ́n ní láti fún ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ pọ̀, ohùn á rẹlẹ̀, bí abẹ́rẹ́ bá sì ti ń sún mọ́ àárín, ohùn ẹlẹ́gbè á máa fọ́. Abẹ́rẹ́ elliptical (èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́) tó ṣì mú yóò dín in kù, kò ní mú un kúrò pátápátá. Ẹ má fi ìparí kásẹ́ẹ̀tì lẹ ìbẹ̀rẹ̀ àwo o: ìyára wọn kì í bára mu, gáńgan á yí ohùn padà láàárín orin, gbogbo Yorùbá tó bá gbọ́ ọ ló máa mọ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ wo fóòmù kékeré tó wà lẹ́yìn tépù níbi tí orí ẹ̀rọ ti ń kàn án. Ooru máa ń jẹ́ kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ gbẹ, fóòmù á já bọ́, ohùn á sì máa lọ, á máa bọ̀. Ẹ ra kásẹ́ẹ̀tì òfìfo onískúrù, kí ẹ kó tépù náà sínú rẹ̀. Ẹ wá tépù náà lọ dé òpin, kí ẹ wá a padà, kí ó má baà lẹ̀ mọ́ra. Ẹ fi spírítì isopropyl nu orí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni èyí tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe: skúrù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀rọ tó ń darí bó ṣe dojú kọ tépù. Ẹ da ohùn ọ̀tún àti òsì pọ̀ sí mono, kí ẹ máa yí skúrù náà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fetí sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ibi tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá ti mọ́ jù lọ, ẹ dúró síbẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, ẹ tún un ṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá sí àmì Dolby lára kásẹ́ẹ̀tì, ẹ pa Dolby ẹ̀rọ (ohun tó ń dín ariwo tépù kù), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohùn òkè á di dúdú.

Ẹ gbà á sílẹ̀ ní 24-bit, 96 kHz, kí ohùn tó ga jù má kọjá -6 dB. Èyí ni fáìlì tẹ́ ẹ máa tọ́jú, ẹ ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ máa ṣiṣẹ́ lé lórí.

Àfọ̀mọ́: ibí ni ìparun wà. Áàpù tó ń yọ ariwo kò mọ̀ pé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ariwo. Ohùn “ṣáà-ṣáà” rẹ̀ àti ti tépù wà ní àgbègbè kan náà. Èyí tó ń yọ ìró abẹ́rẹ́ sì máa ń rò pé agogo jẹ́ ìró ibi tí àwo ti ha. Mo ti gbọ́ fújì tí wọ́n fọ̀ mọ́ títí tí kò fi sí agogo nínú rẹ̀ mọ́, bíi pé inú omi ni wọ́n ti ń lù ú. Ẹ gba àpẹẹrẹ ariwo láti ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ tó wà láàárín ìgbà tí abẹ́rẹ́ balẹ̀ àti ìgbà tí orin bẹ̀rẹ̀, kí ẹ dín in kù ní 4 sí 6 dB péré. Ìró ńlá-ńlá, ẹ fi ọwọ́ yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń gbọ́ fújì 1984 ò retí kó dún bí orin àná.

Ní ti bó ṣe máa pariwo tó: Spotify ń mú gbogbo orin sún mọ́ -14 LUFS (òṣùwọ̀n bí orin ṣe ń pariwo tó). Tí ẹ bá fún un pọ̀ kó lè pariwo, wọ́n á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ohun tó máa kù ni ìlù tí kò ní agbára. Ẹ jẹ́ kó wà ní -14, kí òkè rẹ̀ má kọjá -1 dB. WAV 16-bit, 44.1 kHz lẹ máa fi ránṣẹ́.

Ibi tí ẹ ti máa gé e: ẹ má wo aago. Ẹ gbọ́ ojú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kí ẹ kọ àkókò gbogbo ibi tí bàbá ti yí ọ̀rọ̀ padà sílẹ̀: ibi tí àdúà ìbẹ̀rẹ̀ ti parí, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹnì kan, ibi tí wọ́n ti jẹ́ kí ìlù nìkan máa lọ, ibi tí ẹlẹ́gbè ti gba ègbè tuntun. Ibi tí ìlù nìkan ń lọ ló dára jù. Ẹ gé e gẹ́lẹ́ kí ìlù àkọ́kọ́ tó balẹ̀, níbi tí ìlà ohùn orí kọ̀ǹpútà ti kan òdo, kó má baà ta “pá”. Ẹ má fi àlàfo sí àárín, ẹ má sì mú ohùn rọlẹ̀ ní ìparí ìgé kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń gbọ́ ọ tẹ̀ léra wọn má mọ̀ pé a gé nǹkankan. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ láìtò ó (shuffle). Ìgé tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ọ̀rọ̀, ẹ sún un.

Peckham2Mushin

Kí n fi èyí kún un: ẹ má pe ìgé wọ̀nyẹn ní “Ojú A, Apá Kìíní”. Kò sẹ́ni tó ń wá ìyẹn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ègbè tàbí orúkọ ẹni tí bàbá ń kì níbẹ̀ ṣe àkọlé. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí olórin kì ní 1987 ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston báyìí. Orúkọ bàbá wọn ni wọ́n máa tẹ̀ sínú áàpù, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp.

Ìwé Àdéhùn

Ẹ̀yin ará, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ dára, àmọ́ ẹ ti fo ìbéèrè àkọ́kọ́. Ta ló ni másítà?

Orin kan ní ẹ̀tọ́ méjì nínú. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀. Èkejì jẹ́ ti ohun tí a gbà sílẹ̀, ìyẹn másítà, ilé iṣẹ́ tó sanwó sítúdíò ló sì sábà máa ń ni ín. Pé tépù ti sọnù kò pa ẹ̀tọ́ náà rẹ́. Pé bàbá fúnra rẹ̀ ló kọrin kò tó fún un láti gbé e jáde láìwo ìwé àdéhùn. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àwọn aṣẹ̀dá ti Nàìjíríà tó wà nílẹ̀ báyìí, ti 2022, ẹ̀tọ́ orí ohùn tí a gbà sílẹ̀ ń lo ọdún 50, tí a bẹ̀rẹ̀ sí kà láti ìparí ọdún tó kọ́kọ́ jáde. Àwo 1984 yín ṣì wà lábẹ́ ààbò títí di òpin 2034. Ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin ń lọ títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ẹ wá ìwé àdéhùn jáde. Ilé iṣẹ́ lè ti yí orúkọ padà: EMI Nàìjíríà di Ivory Music, PolyGram Nàìjíríà di Premier. Ẹni tó jogún ìwé ló jogún ẹ̀tọ́. Tó bá jẹ́ marketer kékeré ni, tí kò sí ìwé kankan, ẹ rántí pé gbígbé ẹ̀tọ́ fún ẹlòmíì gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀. “Mo ra másítà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1989” lásán kò tó, kí ó mú ìwé wá. Bí ìwé bá wà ṣùgbọ́n tí kò dárúkọ íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe pé ẹ̀tọ́ náà ti padà sọ́dọ̀ bàbá nìyẹn. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ló máa sọ ọ́: “ní gbogbo ọ̀nà” yàtọ̀ sí “lórí àwo àti kásẹ́ẹ̀tì”. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà tó mọ iṣẹ́ orin kà á.

Bí másítà bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́, ẹ má bá wọn jà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọn kì í sábà ní tépù mọ́, ẹ̀yin ló ní àwo tó mọ́ àti bàbá tó wà láàyè. Ẹ béèrè fún àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan, fún ọdún márùn-ún tàbí méje, pẹ̀lú ìpín ọgọ́rùn-ún tó yé ẹni méjèèjì, kí ẹ kọ ẹni tó máa gba owó àti oṣù tó máa máa fi ìṣirò hàn. Tí ẹ bá gbé e jáde láìgbàṣẹ, tí wọ́n fẹ̀sùn kàn yín, distributor kì í yọ àwo kan yẹn nìkan. Ó lè di owó gbogbo àkáǹtì mú títí ìjà á fi tán.

Àwọn tó gbé e sórí YouTube: ẹ má sáré ní kí wọ́n yọ ọ́. Fídíò tó ti pẹ́ níbẹ̀ ti ní èrò tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí distributor fi orin yín sínú Content ID, ẹ̀rọ YouTube tó ń dá orin mọ̀ nínú fídíò ẹlòmíì, kí ó fà á mọ́ra, kí owó ìpolówó orí fídíò wọn máa bọ́ sọ́wọ́ yín láti ìgbà náà lọ. Èyí tó ti lọ ti lọ. Bí wọ́n bá takò ó, ọjọ́ 30 lẹ ní láti dáhùn, bí ẹ bá dákẹ́, fídíò á padà sọ́wọ́ wọn. Nítorí náà ẹni kan gbọ́dọ̀ máa ka ímeèlì. Ẹ ya fọ́tò ojú àti ẹ̀yìn páálí àwo, bébà àárín rẹ̀, àti nọ́ńbà tí wọ́n họ sára àwo nítòsí àárín, kí ẹ̀rí wà.

Ohun méjì tó máa dà yín láàmú níbẹ̀. Baba Gáńgan ní kí ẹ gbé ojú odindi sórí ikànnì bàbá, ó dára, àmọ́ Content ID yín á fẹ̀sùn kan ikànnì yín fúnra yín. Ẹ ní kí distributor kọ ikànnì náà sí àwọn tí kò ní fọwọ́ kàn. Ìkejì, tí bàbá bá ní orin tuntun tí wọ́n fi bíìtì yíyá ṣe, èyí tí ọgọ́rùn-ún èèyàn ti rà, ẹ má fi ìyẹn sínú Content ID láé. Á máa gba owó lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó lo bíìtì náà, wọ́n á sì ti yín jáde.

Ọmọ Onífújì

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìwé àdéhùn mẹ́rin ti jáde, a ti fún lọ́yà. Ó ku èyí: “Alhaji” ni wọ́n kọ síwájú orúkọ bàbá lórí àwo kan, “Alhaji Chief” lórí òmíràn, “Dr.” lórí ti 1996. Àwọn páálí kan ní nọ́ńbà tẹlifóònù àti àdírẹ́sì marketer. Ṣé ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé ká fi àmì ohùn sí orúkọ? Owó tó jẹ́ ti ẹni tó kọ orin ńkọ́, ṣé distributor náà ló máa san án?

Oníṣirò Orin

Orúkọ kan ṣoṣo, láìsí oyè. “Alhaji Chief Dr.” mẹ́ta yẹn á di olórin mẹ́ta lórí Spotify, pẹ̀lú ojú ìwé mẹ́ta, ọmọlẹ́yìn wọn á sì pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Oyè lè wà nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Àmì ohùn, ẹ fi sí i tàbí kí ẹ yọ ọ́, ṣùgbọ́n èyí tẹ́ ẹ bá mú lórí àwo kìíní ni kí ẹ lò dé ìkọkànlá. Fún orúkọ olórin, mo máa ń yọ ọ́. Fún àkọlé orin, mo máa ń fi sí i, torí àkọlé láìsí àmì lè di nǹkan mìíràn. Ẹ wo bí ó ṣe hàn lórí fóònù méjì tó yàtọ̀ kó tó jáde, torí lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀ máa ń ṣubú sọ́tọ̀ lórí àwọn fóònù kan. Ní ti èdè, Yoruba ni kí ẹ mú, kì í ṣe English.

Páálí: 3000 × 3000, JPG, àwọ̀ RGB. Nọ́ńbà tẹlifóònù, àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì, iye owó, wọ́n á dá a padà. Ẹ gé fọ́tò àwo sí igun mẹ́rin dọ́gba, kí ẹ fọ nọ́ńbà kúrò, kí ìyókù wà bó ṣe wà. Ọdún: ẹ fi 1984 sí ibi ọjọ́ tó kọ́kọ́ jáde àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ℗ (àmì ẹ̀tọ́ másítà), ọjọ́ òní sí ibi ọjọ́ tó ń jáde sórí áàpù.

Ìgé kọ̀ọ̀kan máa ní ISRC tirẹ̀, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ orin, lẹ́tà àti nọ́ńbà 12. Distributor á fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú tábìlì kan. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ distributor mìíràn, ISRC kan náà lẹ máa lò, kí ìgbọ́ tẹ́ ẹ ti kó má baà padà sí òdo. Lórí yíyan distributor, ẹ ka bí wọ́n ṣe ń gbowó. DistroKid ń gba owó ọdọọdún, bí ẹ bá dẹ́kun sísan, orin lè wálẹ̀, àyàfi tí ẹ bá sanwó mìíràn lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kó má wálẹ̀. CD Baby ń gba owó ẹ̀ẹ̀kan lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń mú 9% nínú owó. Fún iṣẹ́ àtijọ́ 11 tí kò ní sí tuntun mọ́, ẹ ṣe ìṣirò ọdún mẹ́wàá, ẹ má wo ọdún kìíní.

Ìwé Àdéhùn

Distributor kì í san owó ẹni tó kọ orin, owó másítà nìkan ló ń san. Ní Nàìjíríà, ẹ forúkọ bàbá sílẹ̀ ní MCSN, ẹgbẹ́ tó ń gba owó fún àwọn tó kọ orin, orin kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìpín ẹni tó kọ ọ́, kí gbogbo rẹ̀ pé 100. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá bá a kọ ọ́, ẹ kọ ìpín rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ sì buwọ́ lù ú nísinsìnyí, kí owó tó dé. Oríkì àtọdúnmọ́dún kì í ṣe ohun tí bàbá kọ. Ẹ kọ ọ́ pé orin ìbílẹ̀ ni, bàbá ló tò ó.

Amẹ́ríkà ní àpò méjì tí distributor kì í dé. The MLC ń gba owó ẹni tó kọ orin láti ọwọ́ Spotify àti àwọn bíi tiẹ̀ níbẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. SoundExchange ń gba owó rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ti sátẹ́láìtì: 50% fún ẹni tó ni másítà, 45% fún olórin, 5% fún àwọn tó bá a lù tí wọ́n sì bá a gbè. Kódà bí másítà kò bá jẹ́ ti bàbá, 45% yẹn ṣì jẹ́ tirẹ̀ tààrà.

Fọ́ọ̀mù W-8BEN, ti owó orí Amẹ́ríkà, ẹ kún un sínú YouTube kí owó tó bẹ̀rẹ̀. Nàìjíríà kò ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà, nítorí náà 30% ni wọ́n máa yọ, ṣùgbọ́n lórí owó tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó wò ó ní Amẹ́ríkà nìkan. Bí ẹ kò bá kún un, wọ́n lè yọ tó 24% nínú gbogbo owó, ti Lọ́ńdọ̀nù àti ti Ìbàdàn pẹ̀lú. Orúkọ tó wà nínú báńkì bàbá ni kí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù náà, kì í ṣe orúkọ orí àwo. Tí méjèèjì kò bá bára mu, owó á dúró sọ́dọ̀ wọn títí ẹ á fi tún un kọ.